Etí Ẹní Ìyá Mi

Òórùn ewéko tó ń gbẹ ló kọ́kọ́ ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àsìkò yẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé wa ní Decatur, lẹ́bàá Atlanta, òórùn náà á ti gba inú ilé kan. Ó jọ òórùn ẹrẹ̀ odò, ó sì tún jọ ti koríko tí òjò pa lánàá tí oòrùn wá ń yan lónìí. Ìyàwó mi ní kò sí aṣọ tí òun fọ̀ tí òun kì í gbọ́ ọ lára rẹ̀. Èmi ò ráhùn ní tèmi. Inú òórùn yẹn ni wọ́n bí mi sí ní etíkun Ìlàjẹ, àti pé níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìyá mi ò tíì lọ. Ohun tó ń já mi láyà nígbà náà kò ju ìyẹn lọ: pé ìyá mi lè padà sílé, sẹ́nu omi tó ti gba ilé wa.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí o má baà rò pé ọmọ tí kò fẹ́ já lẹ́nu ọmú ni mí. Òkun ló gba ilé wa. Kì í ṣe pé ó dé lọ́jọ́ kan kó gbé e lọ o. Ọdọọdún ló ń bù ú jẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń rìn títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn wá ká tó dé ibi tí omi wà. Nígbà tí mo fi máa wá sí Amẹ́ríkà, ìgbì ti ń fọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìyẹn ó mú ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ilé ìwé, ó mú ibojì bàbá mi, ó wá kan ilé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní ilé ìwòsàn nígbà tí fídíò rẹ̀ dé sórí fóònù mi. Mo rí òpó ilé wa tó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ sínú omi, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi tó ń pariwo mọ́ ẹnì kan pé kó fi ìkòkò yẹn sílẹ̀, pé ṣé torí ìkòkò ló fẹ́ kú ni. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi ń kan ilẹ̀kùn. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí mo fi mú un wá sọ́dọ̀ wa.

Mo rò pé mo ti yọ ọ́ lẹ́nu ewu, àbùṣe bùṣe. Àṣé ìyá mi ò ní lo oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí òun máa lọ. Àwọn ará ìlú wa tó ṣẹ́kù ti kó lọ sí ibì kan lókè odò, wọ́n ti fi pákó kọ́ ilé síbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ti fi yàrá kan sílẹ̀ dè é. Mo bi í pé, "Mama, ibẹ̀ náà ńkọ́, ṣé òkun ò ní dé ibẹ̀?" Ó ní, "Bó bá dé, a ó tún kó." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé bí òjò bá ṣú, òun á ká aṣọ tóun sá. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Kí n tó fọ ẹnu láàárọ̀, mo ti gbé fóònù láti wo ohun tí àwọn ará ìlú fi ránṣẹ́, bóyá omi tún ti mú ilé ẹnì kan.

Báyìí ni ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní yunifásítì, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ ṣe àfihàn kan ní West End, ti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí omi tàbí ọ̀dá lé kúrò ní ilẹ̀ wọn. Ó wá bá ìyá mi lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀ ìkúnlẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, èyí tí eékún kì í kan ilẹ̀.

"Grandma, ẹ kú Sunday mà. Uncle said ẹ mọ how to weave mat. Ẹ jọ̀ọ́, can you make one for us?"

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí ló ń wí?"

"Wọ́n fẹ́ kí ẹ bá àwọn hun ẹní, Mama. Wọ́n á tẹ́ ẹ síbì kan, àwọn èèyàn á máa wá wò ó."

"Wò ó kẹ̀? Ẹní, ṣebí wọ́n ń sùn lórí rẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ ti là. Ó ti tó ọdún púpọ̀ tí ìyá mi ti hun ẹní gbẹ̀yìn. Kí òkun tó mú ilé wa ni iyọ̀ rẹ̀ ti wọnú àbàtà, ó ti pa koríko tí àwọn obìnrin wa fi ń hun ẹní, wọ́n sì ti káwọ́ gbera, wọ́n ń tẹ́ ẹní rọ́bà tí wọ́n ń tà ní ọjà. Owó ìsọ̀ ẹní ìyá mi ni mo fi kàwé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà láìṣiṣẹ́ yẹn, mo máa ń rí i tó ń fi wọ́n ra ara wọn lórí itan níwájú tẹlifíṣọ̀n, bí ẹni ń wá nǹkan tó já bọ́.

Níbo la ó ti rí koríko? Ìyẹn ni mo ń rò lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo gbé e sọ́kọ̀, tí a ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Austell, lódìkejì Atlanta. A ti kọjá ibi tí wọ́n ń to kọ̀ǹtéénà sórí ọkọ̀ ojú irin nígbà tí ìyá mi déédéé gbá gíláàsì. "Dúró! Mo ní kí o dúró!" Mo ta gìrì, mo rò pé àìsàn ti dé. Mo yà sẹ́bàá títì, kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń ki bàtà ṣọ́ọ̀ṣì bọ ẹrẹ̀. Adágún kékeré kan ló wà níbẹ̀, ewéko gígùn gígùn dúró sínú rẹ̀, orí wọn dà bíi súyà tí wọ́n gún mọ́ igi. Ó já ewé kan, ó gé e jẹ, ó lọ́ ọ mọ́ ìka rẹ̀. "Òun kọ́ gan-an," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹbí ni wọ́n."

A padà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìwọ náà mọ ìlú tí a wà. Ọkùnrin dúdú tó mú ọ̀bẹ dání nínú koríko lẹ́bàá títì, bí mọ́tò kan bá ti rọra kọjá, màá yára ti ọ̀bẹ bọ abẹ́ koríko. "Mama, ẹ jẹ́ ká máa lọ, police lè dé o." Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Police ń jẹ koríko ni?"

Bí ilé wa ṣe kún fún òórùn yẹn nìyẹn. Ó sá koríko náà sí bálíkónì títí ó fi gbẹ, àwọn tó ni ilé kọ lẹ́tà sí wa lẹ́ẹ̀mejì nípa "pàǹtí" tó wà níta, mo ń fọwọ́ ọ̀tún tọrọ àforíjì, mo ń fọwọ́ òsì gbé koríko wọlé. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, ó ń hun. Ó ń kọrin. Ó ń jẹun délẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Daddy, ẹ ò rí i pé Mama ti ń sanra?" Inú mi dùn jọjọ. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe níbì kan ti di ará ibẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan ni ìyá mi dáhùn ohun tí mi ò bi í. Kò tiẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. "Bí mo bá ti parí ẹní yìí, tí wọ́n bá ti wò ó tán, kí o bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Ó yẹ kí n sọ àṣà kan fún ọ níbí. Lágbègbè tiwa, obìnrin tó hun ẹní kì í di etí rẹ̀. Bó bá hun ún tán, ṣóńṣó koríko á ṣì yọ wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Obìnrin etíkun mìíràn, tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀ tàbí ìyàwó ilé rẹ̀, ló máa wá jókòó tì í, táá di wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń dì í, á máa bi í léèrè wàhálà tó rí nídìí ẹní náà, ẹni tó hun ún ò sì gbọ́dọ̀ parọ́. Obìnrin tí wọn ò bá tíì bá di etí ẹní rẹ̀ kì í rin ìrìn àjò. Ó dà bíi kéèyàn gbé ìkòkò sórí iná kó jáde. Ìyá mi sọ fún mi pé lọ́dún tí ìgbì mú ọ̀nà ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin kan jókòó di etí ẹní ara wọn tán kí wọ́n tó di ẹrù.

Nítorí náà, bí ìyá mi ṣe hun ẹní yẹn tán, kò sí ẹni tó máa dì í. Ìyàwó mi yọ̀ǹda ara rẹ̀, ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó mi, ọmọ Ẹ̀gbá! Orí àpáta lo ti wá. Àti pé ìyàwó ilé mi ni ẹ́, kò bófin mu." Ó wá kọjú sí mi. "Ṣé ní gbogbo Atlanta yìí, kò sí obìnrin etíkun kan ṣoṣo? Bá mi wá a."

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mo ti rí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, mo wà nínú ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, mo gbọ́ tí ìyá àgbàlagbà kan ń bá ọmọ tó ń tajà jà lórí ẹja gbígbẹ, ahọ́n rẹ̀ sì ni ahọ́n ilé wa. Mo kí i. Àṣé odò kan ṣoṣo ló wà láàárín ìlú rẹ̀ àti tiwa. Austell ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbá mi mọ́ra láàárín ìsọ̀, ó gba nọ́ńbà mi, ó fún mi ní tirẹ̀, ó ní kí n mú òun wá kí ìyá mi. Mo ń múra láti fi ṣe ìyàlẹ́nu fún ìyá mi ni ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì fi dé. Mo gbé e mì: bí kò bá sí ẹni tó di etí ẹní, ìyá mi ò ní lè lọ.

Ìgbà tí ìyá mi wá bi mí wàyí, mo wojú rẹ̀, mo ní, "Mo ti wádìí, Mama. Ẹnì kan wà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti kó lọ sí Texas." Irọ́ náà yọ̀ jáde lẹ́nu mi débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí. Ìyàwó mi, tó mọ òdodo ọ̀rọ̀, bá mi ní kíṣìnì. "Daddy, irọ́ tẹ́ ẹ pa yẹn ò dáa o. Ìyá yín ni, kì í ṣe patient yín." Mo ní ó sàn kí Mama bínú sí mi ní Decatur ju kí n máa wá òkú rẹ̀ nínú fídíò lọ.  Ìyàwó mi kọ̀yìn sí mi, ó ń fọ abọ́ kan ṣoṣo fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tó bá parọ́ kan á tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Mi ò jẹ́ kí ìyá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ìsọ̀ yẹn mọ́. Mo ń wakọ̀ lọ síbi tó jìn torí ẹja àti gààrí. Bí fóònù mi bá dún, mo ti dà á dojú bolẹ̀. Ìyá ará Austell ò sì dẹ̀yìn lẹ́yìn mi. "Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa mú mi wá?" "Ẹ má bínú mà, double shift ni mò ń ṣe." "Ọlọ́run á fún ọ lókun." Àdúrà tó ń gbà fún mi yẹn ń gún mi lọ́kàn. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹní ìyá mi wà ní kíká lẹ́bàá ògiri, ìyá mi ò sì palẹ̀ ẹrù mọ́. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mo rí i gbà, mi ò sì gbádùn rẹ̀ fún ọjọ́ kan péré.

Ọjọ́ àfihàn pé, ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n tẹ́ ẹní náà sórí pákó pẹlẹbẹ kan láàárín gbọ̀ngàn, etí rẹ̀ rí wúruwùru. Ọmọbìnrin yẹn ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe wu òun: "It's so powerful like this, Grandma. Unfinished." Ìyá mi ní kí n túmọ̀ rẹ̀, mo túmọ̀ ìdajì. Àwọn èèyàn ń wá, wọ́n ń ya fọ́tò, òyìnbó kan kúnlẹ̀ ti ẹní náà, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ìyá mi àti ti ìlú wa sára bébà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá mi fi ìka tọ orúkọ ìlú náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò tó oṣù méjì. Orúkọ ìlú yẹn wà lórí ìwé ìkéde tí ọmọbìnrin náà pín ká gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé Austell. Mo kàn rí ọ̀pá kan tó wọlé, ìyá arúgbó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi ló kọ́kọ́ rí.

"Nọ́ọ̀sì! Ọmọ mi! Ìwọ rèé! Mo mà pè ọ́ títí ọwọ́ mi fi bó!"

Ìyá mi yíjú padà. Ìyá ará Austell kí i ní ohùn etíkun, ìyá mi sì ju báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì dìrọ̀ mọ́ra, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, èkíní ń pè, èkejì ń gbè é. Ìyá mi fi gèlè nu ojú. "Ìgbà wo lẹ ti Texas dé?"

"Texas? Texas ti ibo? Austell ni mo wà láti ọjọ́ yìí. Ọmọ yín mọ̀. Ó ní nọ́ńbà mi."

Mi ò lè sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún ọ. Ìyá mi wò mí. Ó wò mí láti orí dé bàtà. Ká ní ó gbá mi létí, ì bá tù mí lára. Ó kàn tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi." Láti ọjọ́ tó ti bí mi, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ìyá méjèèjì sì jókòó sílẹ̀. Ọmọbìnrin àfihàn sáré wá, "Grandma, please, people are still looking at it," ìyá mi fọwọ́ tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lé ọmọ adìyẹ. Ìyá ará Austell fa etí ẹní sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í, ó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè: "Wàhálà wo lo rí nídìí ẹní yìí?" Ìyá mi kà á fún un: ẹrẹ̀, eékún tó ń dùn ún, koríko tó jẹ́ ẹbí lásán tí kò jẹ́ ojúlówó. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi sì tì mí mọ́lé. Kò fi kọ́kọ́rọ́ tì mí."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín gbọ̀ngàn yẹn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Àwọn kan rò pé ó wà nínú eré, wọ́n ń ya fọ́tò mi. "Mama, ẹ dákun. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù omi yẹn ń bà mí."

"Ta ni kò bà?" Ohùn rẹ̀ ò ga. "Èmi tí mo ń gbọ́ ọ lábẹ́ ibùsùn mi, ṣé o rò pé kò bà mí ni? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti lẹ́nìkan tó lè bi mí ní irú ìbéèrè tí obìnrin yìí ń bi mí. Ìwọ ò bi mí ní nǹkan kan. O kàn pinnu ni." Ó sún sí ọ̀tún kí ìyá ará Austell lè fa etí tó kù.

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, ó ti tún ń pè mí ní ìwọ, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi títí àwọn èèyàn fi ń yà fún wa. Ìyá ará Austell ló gbé ẹní lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, pé mo ṣẹ̀, mo tọrọ àforíjì, wọ́n dárí jì mí.

Ìyá mi máa ń pè wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday. "Àlàáfíà ni. Kò séwu." Nígbà òjò tó kọjá, mo rí fídíò omi tó wọ ibi tí wọ́n kó lọ, mo pè é. Ó ní, "Omi wo? Kò dé ọ̀dọ̀ tiwa rárá." Mo gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo gbé iṣu lọ fún ìyá ará Austell ni ìyẹn bi mí bóyá ìyá mi ti ń rí oorun sùn ní ibi tuntun. Ibi tuntun wo? Ó bo ẹnu. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ títí ló tó sọ ohun tí ìyá mi ń sọ fún un lórí fóònù: omi ti lé wọn láti oṣù tó kọjá, ilé àbúrò ìyá mi ti lọ, inú kíláàsì kan ni wọ́n ń sùn lódìkejì odò. "Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ó ní ẹ̀rù máa ń bà ọ́."

Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo parọ́ fún un torí mo fẹ́ràn rẹ̀, òun náà ń parọ́ fún mi torí ó fẹ́ràn mi, mi ò sì lẹ́nu láti bá a wí. Mo ti máa ń rò pé omi ló máa gba ìyá mi lọ́wọ́ mi. Àṣé èmi fúnra mi ni mo yọ ara mi kúrò lára àwọn tó ń sọ òtítọ́ fún. Ní báyìí, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo ń wakọ̀ láti Decatur lọ sí Austell láti lọ gbọ́ ìròyìn ìyá tó bí mi lẹ́nu ẹlòmíràn. Mi ò tíì jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀.

Sunday tó kọjá, ó ní ilé gbẹ táútáú, pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Mama." Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́n omi lẹ́yìn rẹ̀.